Ìrẹsì Tí Mo Gbìn Sílẹ̀ De Ìyá Mi

Oúnjẹ Kérésì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ìgbà àkọ́rọ̀ òjò ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ni mo wà lọ́jọ́ náà, ní abà wa ní apá Omifunfun, mò ń bẹ gbágùúdá sínú omi, nígbà tí ọkọ mi ti Òrè dé. Kò tí ì gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri tó fi sọ̀rọ̀.

"Ìyá Bọ́sẹ̀," ó ní, "wọ́n ti ṣí bodè."

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa ni.

"Rédíò ló sọ ọ́. Gbogbo ọlọ́kọ̀ tó wà ní oríta Òrè ló ń sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ lè lọ. Ẹni tó bá fẹ́ wá lè wá."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi sínú omi. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ya èmi fúnra mi lẹ́nu. Mi ò sọ pé kí á lọ sílé. Mo ní, "Ìyá mi á wá ṣe Kérésì níbí."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. "Kérésì kẹ̀? A ò tí ì gbin àgbàdo."

"Ẹ ò rí i pé àyè wà láti múra," ni mo fi dá a lóhùn.

Mo fi ọwọ́ wá ọ̀bẹ mi nínú omi, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ gbágùúdá, àmọ́ ọkàn mi ti lọ sídìí ààrò. Mo ti ń gbé ìkòkò kaná, mo ti ń já ẹ̀fọ́, mo ti ń rí ìyá mi lórí àpótí ìjókòó pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Abúlé kan tí kò jìnnà sí Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Dàhòmì, bí àwọn àgbà wa ṣe ń pè é. Nígbà tí ọkọ mi ní òun fẹ́ lọ gba ilẹ̀ kòkó dá ní Nàìjíríà, gbogbo èèyàn ló ní kò burú. Owó ń bẹ ní Nàìjíríà nígbà yẹn, tàbí kí n sọ pé òkìkí owó ń bẹ. Ìyá mi nìkan ni kò fọwọ́ sí i. Kò bá mi jà. Ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, ó ń bó ẹ̀gúsí, kò sì wo ojú mi.

"Ọmọ mi," ó ní, "ọjọ́ tí ilẹ̀ bá ṣú ọ níbẹ̀, ta lo máa ké sí?"

Mo gbé ẹrù mi, mo sì tẹ̀ lé ọkọ mi.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí níhìn-ín ni igbó. Ilẹ̀ tiwa lọ́hùn-ún tẹ́jú, ojú ń ríran jìnnà. Níbí, tí o bá ti wọ abẹ́ kòkó, oòrùn di ohun tí èèyàn ń wá kiri. Ohun kejì ni èdè. Mo ti rò ó pé Yorùbá ni wọ́n, Yorùbá ni àwa náà, kí ló kù? Àmọ́ nígbà tí obìnrin àkọ́kọ́ kí mi ní èdè Ìkálẹ̀, ńṣe ni mo dúró bí ẹni tí omi kọ́ létí. Ilé wọn, "ulé" ni. Iṣu wọn, "usu" ni. Ọmọ wọn, "ọma" ni. Tí èmi náà bá sì la ẹnu, wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò ní ìkà nínú, àmọ́ àlejò kì í tètè mọ ẹ̀rín yà sọ́tọ̀.

Iṣẹ́ ò nílò ògbufọ̀ ní tiẹ̀. A ń ro oko olóko kí tiwa tó so. Mo ru kòkó títí irun àárín orí mi fi ń já. Nígbà tí a bá ń fọ́ kòkó, àwọn obìnrin á jókòó yí òkìtì ká, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, wọ́n á máa kọrin, èmi á sì máa fi ọwọ́ mi yára kí wọ́n má baà rí i pé ẹnu mi dákẹ́.

Kérésì wa àkọ́kọ́ níbí, èmi àti ọkọ mi nìkan la jókòó. Iṣu sísè àti epo la jẹ. A ń gbọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì láti apá Òdìgbó bí atẹ́gùn ṣe ń gbé e wá tó tún ń gbé e lọ. Ọkọ mi ń sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ tí a máa ro lẹ́yìn ọdún, mo ń dá a lóhùn, àmọ́ ilé ni mo wà. Mo mọ irú aṣọ tí ìyá mi máa wọ̀. Mo mọ ẹni tó máa jẹ ìdí adìyẹ.

Ibi tí a jókòó sí ni Màmá Ayọ̀délé bá wa. Ìdílé ọkọ rẹ̀ ló ni ilẹ̀ tí a ń dá. Obìnrin tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í rẹ́rìn-ín kíákíá ni. Ó gbé àwo méjì ka iwájú mi. Nínú ọ̀kan, òkèlè kan wà tó funfun báláú, tó jọ ẹ̀bà ṣùgbọ́n tó ń ta sánsán èéfín igi. Nínú èkejì, ọbẹ̀ dúdú bí aró.

"Pupuru nìyẹn," ó ní. "Marúgbó lọbẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹun. Ẹnì kan kì í dá ọdún jẹ níbí."

Òórùn rẹ̀ lé mi sẹ́yìn. Mo di ojú, mo fi òkèlè àkọ́kọ́ sẹ́nu nítorí ojú Màmá tó dúró tì mí. Èkejì, ebi ló bá mi jẹ ẹ́. Nígbà tí mo dé ìkẹta, mi ò di ojú mọ́. Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo ti ń lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba ológun dé, nǹkan sì yí padà. Ọjà le. Èèyàn ń tò sórí ìlà nítorí ọṣẹ, nítorí mílíìkì, nítorí súgà. Wọ́n ti bodè pa. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn. Mo rí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kọjá ní títì Òrè lọ sí apá Èkó, èrò kún inú wọn, ọmọ lẹ́yìn, àpò lórí. Mo sá sẹ́yìn ilé ìtajà kan, mo dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi kọjá tán.

Láti ìgbà náà ni mi ò ti fẹ́ la ẹnu mi lọ́jà mọ́. Ìka ni mo ń fi tọ́ka sí ata, mo ń fi orí dáhùn. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọkùnrin kan wá sí abà, wọ́n ń béèrè ẹni tó jẹ́ ará Kútọnu, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo àwa ará Dàhòmì. Màmá Ayọ̀délé ń sá koóko lójú ọ̀nà. Kò tilẹ̀ dìde.

"Ta lẹ ń wá?" ó bi wọ́n. Ó nawọ́ sí mi. "Èyí? Ọma mi ni. Ẹ máa lọ."

Wọ́n sì lọ.

Ní gbogbo ìgbà tí bodè fi wà ní títì, mi ò gbọ́ ohùn ìyá mi. Ẹni tó bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kọjá ló máa ń mú ìròyìn wá pé ó wà láàyè, pé ó ń béèrè wa. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀nà là, mo rán awakọ̀ kan sí Àkànbí, àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà kan ní Kútọnu. Tẹlifóònù wà níbẹ̀. Mo ní kó lọ mú ìyá wa wá, mo dá ọjọ́ fún un. Èmi náà wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó, sí ibi tí wọ́n ti ń fi tẹlifóònù pe òkèèrè. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Oòrùn ti yí kí wọ́n tó pe Kútọnu, wọ́n sì ní kí n wọ inú yàrá kékeré náà.

"Ta nìyẹn?" Ohùn ìyá mi dà bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga.

"Èmi ni, Màmá."

"Ìwọ ta?"

Mo dárúkọ ara mi.

"Ohùn rẹ ti yí padà," ó ní. "O ti ń sọ̀rọ̀ bíi tiwọn."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún, mi ò mọ èyí tí mo ṣe. "Ẹ wá ṣe Kérésì lọ́dọ̀ wa, Màmá. Bodè ti ṣí."

"Ṣé ẹ ń jẹun?"

"A ń jẹun, Màmá."

"Irọ́ ni. Wọ́n sọ fún wa pé iyọ̀ pàápàá, ìlà lẹ fi ń rà á. Wọ́n ní àwọn olówó ibẹ̀ gan-an ti gbẹ."

"Ẹ wá wò ó fúnra yín."

"Màá wá," ni ìyá mi wí. "Màá wá, ọmọ mi. Tí mo bá sì rí i pé ìyà ń jẹ yín, gbogbo wa la jọ máa padà. Sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ rẹ."

Ìlà já. Mo jáde síta, oòrùn Oǹdó ń ràn sí mi lójú, mo sì ń rẹ́rìn-ín láàárín àwọn èèyàn tí kò mọ̀ mí. Ìyá mi ń bọ̀. Ohun tó sọ gbẹ̀yìn wúwo lóòótọ́, ìyá mi kì í sì í sọ ohun tí kò ní ṣe. Ṣùgbọ́n mo ti mọ èsì tí mo máa fún un. Oúnjẹ ni màá fi dá a lóhùn.

Kò sí Kérésì lójú àwọn ọmọ mi láìsí ìrẹsì. Ọdún náà, ìrẹsì ti di wúrà. Ìjọba ti fi òfin de ti òkèèrè, wọ́n ní kí oníkálùkù máa jẹ ohun tó bá gbìn. Sáàpù ni wọ́n ń pe ètò tuntun tí wọ́n gbé dé, gbogbo ohun tó bá sì ti wọ́n, àwọn èèyàn á ní Sáàpù ni. Èyí tó bá gba ọ̀nà fàyàwọ́ wọlé, tí o bá fi ọwọ́ kàn án lọ́jà Òrè, ẹni tó ń tà á á fà á sẹ́yìn bí ẹni pé ọwọ́ rẹ dọ̀tí.

Mo ní, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, màá gbìn ín.

Obìnrin Ìgbìrà kan wà tí abà rẹ̀ ò jìnnà sí tiwa. Òun ló fún mi ní irúgbìn, igbá kan péré. Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí mo ṣe máa ṣe é, nítorí Yorùbá tirẹ̀ kò ju bí Ìkálẹ̀ tèmi ṣe rí nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Àkùrọ̀ kékeré kan wà létí odò tí ẹnikẹ́ni kò lò. Mo béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ Màmá Ayọ̀délé, ó ní kí n máa lò ó, àmọ́ ẹyẹ ni màá fi bọ́. Ọkọ mi náà dúró lókè, ó ń wò mí nínú ẹrẹ̀.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣé ó dá ọ lójú pé kò sàn kí á kàn ra ẹ̀wà?"

"Ìyá mi ò ní wá láti Kétu wá jẹ ẹ̀wà lọ́jọ́ Kérésì."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi.

Nígbà tí ìrẹsì náà yọ orí, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà dé bí ìkùukùu. A so agolo mọ́ okùn kiri, a ń fà á, ó ń ró gbalagbala. Kò tó. Mo wá dúró láàárín àkùrọ̀, mo la ẹnu. Mo pariwo ní èdè Kétu. Mo pariwo ní èdè Ìkálẹ̀. Mo bú ẹyẹ, mo bú ìyá ẹyẹ. Bọ́sẹ̀ ọmọ mi jókòó lórí ebè, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń lọ sóko dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń bá mi bú wọn. Èmi tí mò ń fi ìka rajà, gbogbo odò ń gbọ́ ohùn mi. Mo pariwo títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ, inú mi sì ń dùn ju bó ṣe yẹ lọ fún ẹni tó ń lé ẹyẹ.

A kórè. A bọ̀ ọ́, a sá a, a gún un, a fẹ́ ẹ. Ìrẹsì pupa rúsúrúsú, garawa kan, kò kún dé ẹnu. Mo gbé e sórí pẹpẹ tó wà lókè ààrò, ojoojúmọ́ ni mo ń gbójú sókè wò ó.

Ẹ̀fọ́rí tó kù ni ohun tí màá sè pẹ̀lú rẹ̀. Mo lè se ọkà àgbàdo bíi tilé, kí ìyá mi lè mọ̀ pé mi ò gbàgbé. Mo sì lè se pupuru pẹ̀lú marúgbó, kó lè mọ̀ pé mo ti ní ibì kan. Mò ń yí èyí sọ́tùn-ún, mò ń yí i sósì, bí ẹni pé bí mo bá yan ọ̀kan, mo ti ta èkejì. Tí mo bá wà lábẹ́ kòkó, mo máa ń rò ó pé èèyàn tó ti pẹ́ nílẹ̀ onílẹ̀, ta ni gan-an? Ní Kétu, ìyá mi ní mò ń sọ̀rọ̀ bíi tiwọn. Níbí, wọ́n ṣì ń pè mí ní ará Kútọnu tí mo bá ti kọjá. Mo bi Màmá Ayọ̀délé léèrè.

Ó wò mí títí. "Ṣé ìkòkò kan ṣoṣo lo ní ni?"

"Rárá, Màmá."

"Kí wá ni ìṣòro rẹ?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbà pé gbogbo rẹ̀ ni màá sè.

Adìyẹ ni mo fọkàn tán jù. Mo ti ń sin àwọn àkùkọ kan láti ìgbà òjò, mo ń fún wọn ní àgbàdo bí ẹni ń fún ọmọ. Ìgbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni lúkúlúkú, àrùn tó ń pa adìyẹ, wọlé. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, méjì ti na ẹsẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kò ku ẹyọ kan. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé adìyẹ tó ṣófo. Ọkọ mi wá jókòó tì mí.

"Ìgbín rẹ ńkọ́?" ó ní.

Mo ti gbàgbé ìgbín. Láti ìgbà òjò ni mo ti ń ṣà wọ́n, mo kó wọn sínú agbọ̀n kan lábẹ́ kòkó, mò ń fi ìbẹ́pẹ àti ewé bọ́ wọn. Nígbà tí a ṣí agbọ̀n náà, wọ́n ti tóbi, wọ́n ti ìkarahun wọn mọ́rí nítorí ọ̀gbẹlẹ̀, àmọ́ wọ́n wà láàyè. Ọkọ mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ pàkúté. Ó mú ọ̀yà ńlá kan wálé, a yan án, a gbé e sókè ààrò. Màmá Ayọ̀délé gbọ́ nípa adìyẹ mi, ó fi okùn fa pẹ́pẹ́yẹ kan wá.

"Pẹ́pẹ́yẹ kì í kú ikú adìyẹ," ó ní, ó so ó mọ́ igi, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì, mi ò mọ̀ bóyá mo sùn. Mo ti rẹ gbágùúdá, ó ti rọ̀, mo fún un gbẹ, mo mọ ọ́n ní róbótó róbótó, mo tò wọ́n sórí pẹpẹ kí èéfín lè gbẹ wọ́n títí ara wọn fi dúdú. Inú wọn ló máa ń funfun nígbà tí o bá fá ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò. Mo ra àlùbọ́sà àti ata gbígbẹ ní Òrè, mo la ẹnu mi ná ọjà náà dáadáa. Mo fún epo tuntun. Mo já ewé marúgbó, mo ṣà á. Ilé ń ta sánsán láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn tó ń kọjá ń béèrè irú ẹni tó ń bọ̀.

"Ìyá mi ni," ni mo máa ń sọ. Mo máa ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ tí wọ́n dé, gbogbo wa la lọ pàdé wọn ní oríta Òrè. Bọ́ọ̀sì ń dúró, bọ́ọ̀sì ń lọ, àwọn tó ń ta búrẹ́dì àti ọsàn ń sáré tẹ̀ lé fèrèsé. Mo ń wo gbogbo ojú tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tí mo rí i, mi ò kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ni. Ó ti kéré sí bí mo ṣe ń rí i lọ́kàn mi. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ eléruku níbẹ̀. Ó fà mí dìde, ó di apá mi méjèèjì mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ra iṣu.

"O ò gbẹ," ó ní.

"Mi ò gbẹ, Màmá."

"Wọ́n lè ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ ni." Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó gbá mi mọ́ra.

Àkànbí ń sọ ẹrù kalẹ̀, kò sì tán. Àpò ìyẹ̀fun àgbàdo. Iyọ̀. Ọṣẹ. Súgà. Ẹja gbígbẹ tí wọ́n dì mọ́ inú bébà. Irú. Ọkọ mi dúró, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣé ọjà lẹ wá ná ni, Màmá?"

"Wọ́n ní ẹ ò rí iyọ̀ jẹ," ni ìyá mi wí. "Láti ìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ ní tẹlifóònù ni mo ti ń kó o jọ. Èmi ni màá se Kérésì yìí fún yín. Ọmọ mi á jẹun lọ́dún yìí."

Mo wo ẹrù náà, mo wo ọkọ mi. Èmi àti ìyá mi, láti ìgbà òjò, a ti ń pèsè oúnjẹ kan náà sílẹ̀ fún ara wa, bodè sì wà láàárín wa.

Láàárọ̀ Kérésì, ó ti mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ kí n tó da iná. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́.

"Ẹ jókòó, Màmá. Lónìí, àlejò mi lẹ jẹ́."

Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. Àmọ́ ó jókòó sórí àpótí, ó ká ọwọ́ sí àyà, ó ń wò mí bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí mo bá ń ru omi. Ààrò mẹ́ta ni mo dá. Mo se pẹ́pẹ́yẹ pẹ̀lú ata, mo se ìrẹsì. Mo se marúgbó, mo da ìgbín àti ọ̀yà sí i. Mo fá pupuru, mo gún un, mo kù ú, mo rò ó nínú omi gbígbóná. Mo wá bu ìyẹ̀fun tí ìyá mi gbé wá, mo fi ro ọkà àgbàdo. Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Màmá Ayọ̀délé àti ọkọ rẹ̀ ti wà níwájú ilé, obìnrin Ìgbìrà náà sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún tirẹ̀ kọ́ ni.

Ìyá mi fi ṣíbí bu ìrẹsì. Ó dúró.

"Níbo lẹ ti rí ìrẹsì?"

"A gbìn ín ni, Màmá àgbà," ni Bọ́sẹ̀ wí. "Màmá mi ń bú àwọn ẹyẹ."

"Ẹ gbìn ín?"

Ìyá mi jẹ ẹ́ tán. Ó fa àwo pupuru sọ́dọ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fa imú sẹ́yìn, ó wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ó fi òkèlè kan kan ọbẹ̀ dúdú náà, ó gbé e mì. Ó tún gé òmíràn. Gbogbo wa la ń wo ẹnu rẹ̀. Ó wá yíjú sí Màmá Ayọ̀délé.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ?"

"Èmi ni," ni Màmá Ayọ̀délé dáhùn. "Àmọ́ kì í gbọ́ràn. Àwa kì í fi irú sí marúgbó. Mo ti sọ títí, ó ṣì ń fi sí i."

"Irú yẹn," ni ìyá mi wí, "èmi ni mo kọ́ ọ."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Màmá Ayọ̀délé tí kì í rẹ́rìn-ín kíákíá ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi tẹ̀ lé e. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn ọmọ fi ń wò wọ́n.

Nígbà tí oòrùn ń lọ, èmi àti ìyá mi ń fọ ìkòkò lẹ́yìn ilé. Òun ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"A ti tún yàrá kan ṣe sílẹ̀ dè yín lọ́hùn-ún. Àkànbí ti kan ilẹ̀kùn sí i."

"Ẹ ṣeun, Màmá."

"Mo wá láti kó yín ni."

"Mo mọ̀."

Ó fi iyanrìn ha ìdí ìkòkò títí ó fi ń dán. "Ẹni tó gbin ìrẹsì sínú ẹrẹ̀ nítorí mi, tó ń bá ẹyẹ jà títí ó fi kórè rẹ̀, ibo ni mo fẹ́ kó o lọ? Kí o kàn máa wá. Bodè ti ṣí."

Mo ní màá máa wá. Inú mi dùn, mi ò lè purọ́. Àmọ́ ibì kan ń bẹ nínú mi tó ti ń retí pé kó fà mí lọ́wọ́, kó ní mi ò gbọ́dọ̀ kọ̀, kó kó mi sínú ọkọ̀ bí ọmọdé. Ibẹ̀ dùn mí díẹ̀. Mo rò pé ó máa ń dun gbogbo ẹni tó bá ní ilé méjì.

Ọjọ́ kejì ni ó yẹ kí òun àti Àkànbí padà. Mo tètè jí láti di oúnjẹ ọ̀nà fún wọn. Mo bá Àkànbí níwájú ilé pẹ̀lú àpò tirẹ̀ nìkan.

"Màmá ní kí n máa lọ," ó ní. "Wọ́n ní àwọn ò tí ì ṣetán."

Mo yí sẹ́yìn ilé. Ìyá mi àti Màmá Ayọ̀délé ti tẹ́ ẹní, wọ́n da ẹ̀wà sórí atẹ, wọ́n ń ṣà á. Ọdún tuntun ni wọ́n ń pèsè sílẹ̀ fún. Ìyá mi ní àkàrà ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ọdún ní Kétu. Màmá Ayọ̀délé ní kò sí ohun tó jọ ọ́, ọ̀lẹ̀ ni, òun sì ti mọ ibi tí ewé tó dáa wà. Ọ̀kan ń sọ Kétu, èkejì ń sọ Ìkálẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń béèrè ìtumọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti bá wọn ṣà á. Ìyá mi gbá ọwọ́ mi kúrò lórí atẹ.

"Lọ jókòó," ó ní.

Mo lọ jókòó.